Ìdí Tí Ásùlù Ẹ̀yìn Kẹ̀kẹ́ Fi Ń Kán, àti Bí A Ṣe Lè Mọ Họ́ọ̀bù Tí Yóò Pẹ́

Bí ásùlù ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ yín, ìyẹn ọ̀pá irin tí ó gba àárín ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kọjá, bá kán, ẹ má tíì jù ú nù. Ẹ kó àjákù rẹ̀ méjèèjì sọ́wọ́, ẹ nù wọ́n mọ́, kí ẹ sì wo ojú ibi tí ó ti kán dáadáa nínú ìmọ́lẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ ó rí i pé apá ọ̀tún ni ó ti kán, níhà tí ṣéènì wà, àti pé etí kóònù ọ̀tún gan-an ni, ìyẹn irin tí àwọn ọmọ bíárìn ń yí lé lórí. Ẹ ó tún rí i pé ojú ibẹ̀ pín sí ọ̀nà méjì. Apá kan ń dán, ó sì ti dúdú tàbí kí ó ti dípẹtà, nítorí pé omi àti gíríìsì ti ń wọ ibẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Apá kejì rí ṣágiṣàgi, àwọ̀ rẹ̀ sì mọ́ bí irin tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gé. Èyí fi hàn pé ásùlù náà ti sán tipẹ́, tí sísán náà ń jẹ wọ inú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ tí ẹ ń gùn ún, títí apá tí ó ṣẹ́ kù kò fi lè gbé ẹrù mọ́. Kòtò tí ẹ bọ́ sí lọ́jọ́ tí ó kán kàn parí iṣẹ́ tí ó ti bẹ̀rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa di ẹ̀bi ru ẹni tí ó ta irin náà, wọ́n á ní ayédèrú ni. Lóòótọ́, irin tí kò dára wà lọ́jà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti ń fi ásùlù tuntun sínú họ́ọ̀bù (àárín ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ tí sípóòkì so mọ́) kan náà léraléra, tí gbogbo wọn sì ń kán lójú kan náà, gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kọjá irin. Ibi tí bíárìn ọ̀tún dúró sí nínú họ́ọ̀bù ni ó ń pinnu bí ásùlù yóò ṣe pẹ́ tó, ju bí irin rẹ̀ ṣe dára tó lọ. Ẹni tí ó bá mọ èyí yóò mọ ohun tí ó yẹ kí ó yẹ̀ wò nígbà tí ó bá fẹ́ ra kẹ̀kẹ́, yóò sì mọ ohun tí ó yẹ kí ó kọ́kọ́ tún ṣe kí ó tó fi ásùlù mìíràn rọ́pò èyí tí ó kán.

Ibi tí ìṣòro náà ti ń bẹ̀rẹ̀

Ásùlù kẹ̀kẹ́ kì í yí. Nọ́ọ̀tì ni ó di orí rẹ̀ méjèèjì mú sí ẹnu férémù, họ́ọ̀bù sì ń yí ká a lórí bíárìn méjì, ọ̀kan lápá òsì, ọ̀kan lápá ọ̀tún. Ìwọ̀n ẹni tí ó gun kẹ̀kẹ́ náà àti ẹrù tí ó wà lórí káríà ń gba inú férémù sọ̀ kalẹ̀ wá sí orí ásùlù méjèèjì, ilẹ̀ sì ń ti ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ padà sókè láti inú bíárìn. Férémù ń tẹ etí ásùlù mọ́lẹ̀, bíárìn ń gbé àárín rẹ̀ sókè, ásùlù sì ń tẹ̀ díẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá kọjá lórí gegele. Bí àyè tí ó wà láàárín bíárìn àti ẹnu férémù bá ṣe gùn tó ni títẹ̀ náà ṣe ń le tó. Ẹni tí ó gbé garawa omi mọ́ àyà lè rìn jìnnà, ṣùgbọ́n bí ó bá na apá jáde tí ó sì gbé garawa kan náà, kò ní pẹ́ tí èjìká rẹ̀ yóò fi máa ro ó, bẹ́ẹ̀ omi inú garawa kò pọ̀ sí i.

Nínú kẹ̀kẹ́ ológeere àtijọ́ tí àwọn bàbá wa fi ń lọ sí oko, bíi Raleigh dúdú onírin wíwúwo nì, jíà kan ṣoṣo ni ó wà lẹ́yìn. Fíríwíìlì rẹ̀, ìyẹn jíà ẹ̀yìn tí a ń yí mọ́ tẹ́rẹ́ẹ̀dì họ́ọ̀bù, tí ó ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ máa yí lọ nígbà tí a kò bá tẹ pẹ́dàlì, kò nípọn, nítorí náà bíárìn ọ̀tún kò jìnnà sí ẹnu férémù. Ìdí nìyí tí wọ́n fi lè di àpò iṣu tàbí kókò mọ́ káríà irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ásùlù rẹ̀ má sì kán, bó tilẹ̀ jẹ́ pé irin rẹ̀ kò nípọn ju ti òde òní lọ.

Nígbà tí kẹ̀kẹ́ alájíà púpọ̀ dé, àwọn tí ń ṣe họ́ọ̀bù kò kọ́kọ́ yí ètò rẹ̀ padà. Wọ́n fi fíríwíìlì onípele 5, lẹ́yìn náà 6, lẹ́yìn náà 7, dé orí tẹ́rẹ́ẹ̀dì kan náà tí jíà kan ṣoṣo ń wà lórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kí àyè lè gba àwọn jíà yìí, wọ́n fa ásùlù gùn sí apá ọ̀tún, wọ́n sì fẹ férémù láti mìlímítà 120 tí a ń lò fún jíà 5, dé 126, ó sì ti dé 130 àti 135 lórí àwọn kẹ̀kẹ́ tí ó tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n wọ́n fi bíárìn ọ̀tún sílẹ̀ síbi tí ó wà, lẹ́yìn fíríwíìlì nínú lọ́hùn-ún. Nínú họ́ọ̀bù onífíríwíìlì jíà 7, nǹkan bíi mìlímítà 40 ásùlù ni ó na jáde láàárín bíárìn ọ̀tún àti ẹnu férémù láìsí ohun tí ó gbé e ró, nígbà tí apá òsì kò ní ju díẹ̀ nínú ìyẹn lọ. Ásùlù mìlímítà 10 kan náà ni wọ́n sì ń lò sí i.

Ṣéènì tún ń dá kún un, ó sì ń dá kún un ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò lọ. Apá pẹ́dàlì sábà máa ń gùn tó mìlímítà 170. Jíà iwájú eléyín 44 jẹ́ nǹkan bíi mìlímítà 89 láti àárín rẹ̀ dé etí, nítorí náà bí ẹsẹ̀ bá tẹ pẹ́dàlì, agbára tí ṣéènì yóò fi fa jíà ẹ̀yìn yóò tó ìlọ́po méjì díndíẹ̀ agbára ẹsẹ̀ náà. Bí ẹ bá yí i sí jíà iwájú kékeré eléyín 22, tí kò ju nǹkan bíi mìlímítà 45 lọ láti àárín dé etí, agbára náà yóò súnmọ́ ìlọ́po mẹ́rin. Ẹni tí ó wọn kìlógíráàmù 70, tí ó dìde dúró lórí pẹ́dàlì láti fi jíà kékeré yìí gun òkè Màpó ní Ìbàdàn, ń mú kí ṣéènì fa apá ọ̀tún ásùlù síwájú bí ẹni pé ẹrù tí ó lé ní kìlógíráàmù 260 rọ̀ mọ́ ọn, gbogbo ìgbà tí ẹsẹ̀ kan bá sì tún sọ̀ kalẹ̀ ni fífà yìí ń padà wá. Jíà tí ó rọ ẹsẹ̀ lọ́rùn yìí gan-an ni ó ń ni ásùlù lára jù.

Tẹ́rẹ́ẹ̀dì ni ó kù. Ásùlù mìlímítà 10 tí a fín tẹ́rẹ́ẹ̀dì sí lára láti òkè délẹ̀ kò tó mìlímítà 9 mọ́ ní ìsàlẹ̀ ojú fífín náà, èyí sì ti mú nǹkan bíi ìdá kan nínú mẹ́ta agbára rẹ̀ láti kọ títẹ̀ lọ. Èyí tí ó burú jù ni pé inú ojú fífín náà ni agbára ń kó jọ sí, níbẹ̀ sì ni sísán ti máa ń bẹ̀rẹ̀, pàápàá ní ojú ibi tí kóònù àti nọ́ọ̀tì rẹ̀ ti fún ásùlù mọ́ra ṣinṣin, tí ìyókù rẹ̀ sì wà lófuurufú. Àwọn kan máa ń bẹ̀rù ásùlù oníhò, èyí tí ọ̀pá quick-release (ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi ń de ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ mọ́ férémù láìlo sípánà) ń gba inú rẹ̀ kọjá, wọ́n ní ihò náà ni ó jẹ́ kó kán. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àárín irin kì í ṣe iṣẹ́ púpọ̀ nígbà tí irin bá ń tẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ó ń gbé ẹrù. Ihò mìlímítà 5 kò mú ju nǹkan bíi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún agbára rẹ̀ lọ. Ní ìdà kejì, bí a bá mú kí ásùlù nípọn sí i díẹ̀, èrè rẹ̀ pọ̀: ásùlù mìlímítà 12 lágbára tó ìlọ́po 1.7 ti mìlímítà 10.

Ẹ yẹ ẹnu férémù wò

Mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ níbí, nítorí pé ibí yìí ni àwọn oníṣẹ́ kẹ̀kẹ́ sábà máa ń fò kọjá. Ẹnu férémù méjèèjì, níbi tí orí ásùlù ń wọ̀ sí, gbọ́dọ̀ kọjú sí ara wọn gbọọrọ. Bí ọ̀kan bá yà síta tàbí tí ó wọ́ sínú, bí ẹ bá ṣe ń fún nọ́ọ̀tì ni nọ́ọ̀tì náà yóò máa tẹ ásùlù kí ó lè bá ẹnu férémù mu. Ásùlù náà ti tẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gun kẹ̀kẹ́, gbogbo gegele tí ó bá sì bá pàdé lójú ọ̀nà yóò máa dà lé orí ìyẹn. Àwọn kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ tí wọ́n tò léra wọn nínú kọ̀ǹténà sábà máa ń ní àléébù yìí, bẹ́ẹ̀ náà ni kẹ̀kẹ́ tí ó ti ṣubú lé apá ọ̀tún rí, àti férémù tí wọ́n fi agbára fẹ̀ kí ẹsẹ̀ tí ó fẹ̀ jù ú lọ lè wọ̀ ọ́.

Kò gba irinṣẹ́ olówó ńlá láti mọ̀. Ẹ yọ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kúrò. Ẹ wá bóòtù gígùn méjì tí ó tọ́, tí ó nípọn tó mìlímítà 10, tàbí ásùlù àtijọ́ méjì tí kò tíì tẹ̀, kí ẹ de ọ̀kan mọ́ ẹnu férémù ọ̀tún pẹ̀lú nọ́ọ̀tì lẹ́yìn àti níwájú, kí ẹ sì de èkejì mọ́ ti òsì, kí orí méjèèjì kọjú sí ara wọn ní àárín tí wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn. Bí ẹnu férémù bá tọ́, orí bóòtù méjèèjì yóò bá ara wọn mu gẹ́lẹ́, bí ẹni pé irin kan ṣoṣo ni. Bí ọ̀kan bá ga ju èkejì, tàbí tí ó yà síwájú tàbí sẹ́yìn, ẹnu férémù ti wọ́ nìyẹn. Férémù onírin ṣeé tọ́: ẹ fi sípánà ńlá tí ẹnu rẹ̀ ń ṣí di ẹnu férémù náà mú, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa wò ó lẹ́yìn títẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ má ṣe dán èyí wò lórí férémù alumíníọ̀mù, nítorí pé ó lè sán lójú ẹsẹ̀, tàbí kí ó sán nínú, kí ó sì já nígbà tí ẹ bá wà lórí rẹ̀.

Bí a ṣe ń pààrọ̀ ásùlù

Ásùlù tí ó ti kán ní àmì tirẹ̀. Bí ẹ bá tẹ pẹ́dàlì gidigidi, ṣéènì yóò fa apá ọ̀tún síwájú, iwájú ríìmù yóò sì yà sápá òsì, yóò máa ha férémù tàbí bíréèkì. Bíárìn tí ẹ fún lánàá yóò tún ti dẹ̀ lónìí. Nínú kẹ̀kẹ́ oní-quick-release, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó gba inú ásùlù kọjá lè so àjákù méjèèjì pọ̀ fún ìgbà díẹ̀ tí ẹni tí ń gùn ún kò fi ní fura, àfi ọjọ́ tí ó bá fa ọ̀pá náà yọ tí ásùlù sì já bọ́ ní méjì. Ti ásùlù tí kò kán ṣùgbọ́n tí ó ti tẹ̀, ẹ tú u, kí ẹ yí i lórí gíláàsì tí ó tẹ́jú. Bí ó bá ń ta sókè sódò, ẹ má ṣe gbìyànjú láti tọ́ ọ. Ẹ ra òmíràn.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe gbé e lọ fún wẹ́dà. Iná wẹ́dà ń ba líle irin náà jẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí ó jó, ó ń ba tẹ́rẹ́ẹ̀dì jẹ́, kò sì sí bí irin méjì tí a jó pọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe lè tọ́ tó bí bíárìn ṣe ń fẹ́. Ásùlù tuntun wà lára ohun tí owó rẹ̀ kéré jù lọ lára kẹ̀kẹ́.

Kí ẹ tó tú ohunkóhun, ẹ wọn bí orí ásùlù ṣe yọ síta tó lápá méjèèjì, kí ẹ sì máa to gbogbo wáṣà, bọ́ọ̀ṣì (òrùka tí ó ń gba àyè láàárín kóònù àti nọ́ọ̀tì) àti nọ́ọ̀tì tí ẹ bá yọ sórí aṣọ bí wọ́n ṣe tẹ̀ lé ara wọn. Fíríwíìlì gbọ́dọ̀ kúrò kí ọwọ́ tó lè dé kóònù ọ̀tún. Ẹ fi irinṣẹ́ tí ó bá eyín inú rẹ̀ mu sí i, ẹ di irinṣẹ́ náà mọ́ fáìsì kí jíà kọjú sílẹ̀, kí ẹ sì di ríìmù mú lọ́wọ́ méjèèjì, kí ẹ yí i sápá òsì. Yóò le, nítorí pé gbogbo ìgbà tí ẹ ti ń tẹ pẹ́dàlì ni ẹ ti ń fún un. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí ẹ fi gíríìsì sí tẹ́rẹ́ẹ̀dì rẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń dá a padà.

Ẹ mú ásùlù àtijọ́ lọ́wọ́ lọ sí ọjà. Oríṣi méjì tí ó jọra ni ó máa ń da àwọn ènìyàn láàmú: ọ̀kan jẹ́ mìlímítà 10 tí ojú tẹ́rẹ́ẹ̀dì rẹ̀ jẹ́ mìlímítà kan, èkejì jẹ́ ínṣì 3/8, ìyẹn mìlímítà 9.5, tí ó ní ojú tẹ́rẹ́ẹ̀dì 26 nínú ínṣì kan, ó sì pọ̀ lára kẹ̀kẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́. Ojú tẹ́rẹ́ẹ̀dì wọn súnmọ́ ara débi pé nọ́ọ̀tì ti mìlímítà 10 yóò wọ ti ínṣì 3/8, ṣùgbọ́n yóò máa mì, bí ẹ bá sì fún un gidi, yóò yọ́. Nọ́ọ̀tì tí ó bá a mu gbọ́dọ̀ ṣeé fi ìka yí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìmì àti láìhá. Bí ẹ bá rí èyí tí wọ́n fi irin kurómólì ṣe, ẹ sanwó díẹ̀ lé e, kí ẹ mú un. Gígùn ásùlù oníhò ti quick-release gbọ́dọ̀ ju fífẹ̀ họ́ọ̀bù lọ ní nǹkan bíi mìlímítà 10 sí 11, kí mìlímítà 5 lè yọ ní apá kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá yọ ju bí ẹnu férémù ṣe nípọn lọ, ọ̀pá náà kò ní lè fún férémù mọ́ra.

Ẹ fọ inú họ́ọ̀bù, kí ẹ fi ṣóńṣó bírò tẹ̀ lé ojú ọ̀nà tí ọmọ bíárìn ń gbà, nínú họ́ọ̀bù àti lára kóònù. Bí bírò bá kọ́ ihò wẹ́wẹ́ níbìkan lára kóònù, kóònù náà ti tán. Ọmọ bíárìn 9 tí ó jẹ́ ínṣì 1/4 ni apá kọ̀ọ̀kan họ́ọ̀bù ẹ̀yìn sábà máa ń gbà. Ẹ ra tuntun fún gbogbo rẹ̀, ẹ má da tuntun pọ̀ mọ́ àlòkù. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ́kọ́ de kóònù ọ̀tún, bọ́ọ̀ṣì àti nọ́ọ̀tì rẹ̀ mọ́ ásùlù pinpin ní gígùn tí ẹ ti wọ̀n, kí ẹ fi gíríìsì tó pọ̀ to ọmọ bíárìn sí ipò wọn, kí ẹ ti ásùlù wọlé láti apá ọ̀tún, kí ẹ sì wá ṣe àtúntò bíárìn láti apá òsì nìkan. Ásùlù gbọ́dọ̀ yí lábẹ́ ìka láìhá, kí ó má sì mì. Ti quick-release nìkan ni ẹ ó fi mímì bín-ín-tín sílẹ̀ fún, nítorí pé nígbà tí ẹ bá fún un, ásùlù yóò súnkì díẹ̀, mímì náà yóò sì parẹ́.

Bí ẹ bá rí i pé àyè tí ó wà láàárín jíà tí ó kéré jù àti férémù ju èyí tí ṣéènì nílò lọ, ẹ yọ bọ́ọ̀ṣì tí kò wúlò kúrò lápá ọ̀tún kí ẹ gbé e sí òsì, kí ẹ sì tún sípóòkì fún kí ríìmù lè padà sí àárín. Gbogbo mìlímítà tí ẹ bá yọ kúrò lápá ọ̀tún ni ásùlù jèrè.

Họ́ọ̀bù tí ó yẹ kí a rà

Ní ọdún 1978, Shimano ní ilẹ̀ Japan gbé họ́ọ̀bù kan jáde tí wọ́n pè ní Freehub. Bayliss-Wiley ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ṣe ohun tí ó jọ ọ́ ṣáájú Ogun Àgbáyé Kejì, ṣùgbọ́n ti Shimano ni ó tàn káyé. Wọ́n sọ apá tí ń yí sẹ́yìn di ara họ́ọ̀bù fúnra rẹ̀, jíà wá di ohun tí a kàn ń tì wọ̀ ọ́ láti ìta, èyí tí à ń pè ní kásẹ́ẹ̀tì. Bíárìn ọ̀tún wá kúrò lẹ́yìn jíà, ó bọ́ sí etí ìta, lábẹ́ jíà tí ó kéré jù, kò sì jìnnà sí ẹnu férémù mọ́. Ásùlù mìlímítà 10 kan náà ni, síbẹ̀ kíkán rẹ̀ di ohun tí kò wọ́pọ̀.

Ẹ lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀ láàárín ọjà. Ẹ wo inú ibi tí irinṣẹ́ ń wọ̀ ní àárín jíà, kí ẹ sì fi ọwọ́ yí jíà sẹ́yìn. Bí eyín tí irinṣẹ́ ń kọ́ bá ń bá jíà yí, kásẹ́ẹ̀tì ni, ẹ ó sì sábà rí ọ̀rọ̀ “LOCK” lára òrùka tí ó wà níta. Bí jíà bá ń yí tí eyín náà sì dúró jẹ́ẹ́, fíríwíìlì ni. Iye jíà nìkan kò tó láti fi dá wọn mọ̀, torí pé fíríwíìlì onípele 8 àti 9 wà lọ́jà báyìí, wọ́n sì burú ju ti 7 lọ fún ásùlù. Ẹ máa kíyè sára fún kẹ̀kẹ́ tuntun tí wọ́n kun lọ́dà dídán, tí wọ́n fi sípíríǹgì sí níwájú àti lẹ́yìn, tí họ́ọ̀bù rẹ̀ sì jẹ́ onífíríwíìlì jíà 7. Tòkunbọ̀ tí àwọ̀ rẹ̀ ti ṣí ṣùgbọ́n tí ó ní kásẹ́ẹ̀tì ni èmi yóò yàn fún ẹnikẹ́ni tí yóò bá gbé ẹrù.

Lórí kẹ̀kẹ́ olówó gọbọi ti òde òní, ásùlù mìlímítà 12 ni ó ń gba inú ihò férémù kọjá tààrà, họ́ọ̀bù rẹ̀ sì fẹ̀ tó mìlímítà 142 tàbí 148. Ìyẹn kò nílò kí a dààmú nípa rẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ kúrò lórí fíríwíìlì, ríra odindi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tòkunbọ̀ tí ó ní kásẹ́ẹ̀tì sábà máa ń rọrùn ju pé kí ẹ ra họ́ọ̀bù kí ẹ sì hun sípóòkì sí i lọ. Ẹ wọn àyè àárín férémù yín kí ẹ tó lọ, kí ẹ lè mọ̀ bóyá 126, 130 tàbí 135 ni ẹ ó béèrè. Bí owó kò bá tíì sí, ẹ fi fíríwíìlì jíà 5 rọ́pò ti 7, kí ẹ yọ bọ́ọ̀ṣì tí kò wúlò mọ́ kúrò lápá ọ̀tún. Ẹni tí ń fi kẹ̀kẹ́ kó búrẹ́dì tàbí omi láàárín ìlú kò nílò ju bẹ́ẹ̀ lọ, bí ilẹ̀ ibẹ̀ bá sì tẹ́jú, jíà kan ṣoṣo tó o. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti gùn ún fún ọjọ́ díẹ̀, ẹ tún nọ́ọ̀tì méjèèjì fún, kí ẹ di ríìmù mú lókè kí ẹ mì í sọ́tùn-ún sósì. Bí ó bá ti ń mì lẹ́yìn tí ẹ ti ṣe àtúntò bíárìn dáadáa, ẹ padà lọ fi bóòtù méjì yẹ ẹnu férémù wò.